Abẹ́rẹ́ Tí Kì Í Dúró Jẹ́ẹ́: Bí Wọ́n Ṣe Mọ̀ Pé Òòfà Ń Bẹ Lára Oòrùn

Àwọn tó wà ní ìpàdé tó kọjá máa rántí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí a parí ọ̀rọ̀ tàràńsífọ́mà. Ẹbí méjì ló jọ ní ààlà. Ọ̀kan nínú wọn mú ìwé àwòrán ilẹ̀ wá, èyí tí bàbá wọn fi sílẹ̀ láti ayé òyìnbó, ìwé tó ti pọ́n, tí ikán sì ti jẹ etí rẹ̀. Kì í ṣe sọ́fè ìjọba. Kọ́ḿpáàsì ọwọ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, wọ́n sì kọ iye dìgírì sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.

A lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó ṣí kọ́ḿpáàsì inú rẹ̀, ó dúró sí ìdí òkúta àkọ́kọ́ tí gbogbo wa gbà pé kò yí padà, ó wá ń rìn bí ìwé ṣe wí. Kò bá òkúta kejì. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ẹlòmíì ló já sí. Ariwo sọ. Àwọn kan ní wọ́n ti hú òkúta, àwọn kan ní ayédèrú ni ìwé. Bàbá kan tó dàgbà jù lọ láàárín wa wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Àbí ilẹ̀ ti rìn ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará mi, ìbéèrè Bàbá kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ilẹ̀ ò rìn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì rìn. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ibi tí abẹ́rẹ́ náà ń kọjú sí ti yí padà ju dìgírì 10 lọ láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Láyé ìgbà tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ ń wọnlẹ̀ ní Ẹ̀kó àti Abẹ́òkúta, abẹ́rẹ́ ò kọjú sí àríwá gan-an, apá ìwọ̀-oòrùn ló yà sí dáadáa. Lónìí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àríwá mu. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Bí ìlà ààlà bá gùn tó 100 mítà, tí abẹ́rẹ́ sì fi dìgírì 10 yà kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, òpin ìlà yẹn yóò fi nǹkan bí 17 mítà kúrò ní àyè rẹ̀. Púlọ́ọ̀tì kan níhìn-ín, 60 ẹsẹ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀, ìyẹn mítà 18 àti díẹ̀. Odidi púlọ́ọ̀tì kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá abẹ́rẹ́ lọ yẹn, láìsí olè, láìsí ayédèrú.

Mo wá sọ fún ara mi pé n ó kọ ìtàn abẹ́rẹ́ yìí sínú ìwé ìròyìn wa. Bí mo ṣe ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó gbé mi dé Sàró, ó gbé mi dé Ìbàdàn, ó sì gbé mi dé ojú oòrùn fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ìyípadà ńlá tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó dá ìjà ààlà sílẹ̀, inú ilẹ̀ ló ti ń wá, láti ara irin yíyọ́ tó ń ṣàn jìnnà réré nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa. Oòrùn ò mọ̀ nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tún ní ìgbọ̀njìn kékeré kan tó máa ń ní lójoojúmọ́, tó kéré débi pé ojú lásán ò rí i. Ọkùnrin aláago kan ní Lọ́ńdọ̀nù, George Graham, ló kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gígùn ṣọ́ ọ ní 1722. Ó rí i pé abẹ́rẹ́ máa ń yí díẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, á sì tún padà. Nígbà míì, á kàn máa gbọ̀n fún odidi ọjọ́ kan, bíi pé nǹkan kan dẹ́rù bà á. Ìgbọ̀njìn kékeré yìí ni ìtàn mi lónìí.

Ní 1822 ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan gbé sójà kan tó ń jẹ́ Edward Sabine wá sí etíkun wa yìí. Ó dúró ní Sàró, ó lọ sí São Tomé, ó tún lọ sí erékùṣù Ascension. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rán an ni láti fi páńdúlọ́ọ̀mù wọ̀n bí ayé ṣe rí roboto sí, ṣùgbọ́n ọkàn ọkùnrin yìí wà lára òòfà, ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì. Ibikíbi tó bá dé ló ti ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tó dàgbà, òun ló wá ń bójú tó àwọn ilé ìwòye tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ káàkiri ayé fún ṣíṣọ́ abẹ́rẹ́, títí dé Toronto ní Kánádà àti Hobart ní Tasmania.

Ní àsìkò kan náà, ará Jámánì kan, Heinrich Schwabe, tó jẹ́ olóògùn nílé oògùn, ti ń ka àwọn àpá dúdú ojú oòrùn lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1843 ó kéde pé àpá wọ̀nyí máa ń pọ̀ sí i, wọ́n á sì tún dínkù, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹnikẹ́ni ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ọ̀mọ̀wé Alexander von Humboldt ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé ńlá rẹ̀, Kosmos. Ta ló wá ń túmọ̀ ìwé yẹn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì? Elizabeth, aya Sabine ni! Ilé kan náà ni àkọsílẹ̀ oòrùn àti àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ ti pàdé. Ní 1852 Sabine fi hàn pé àwọn ọdún tí abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n jù ní Toronto àti Hobart ni àwọn ọdún tí àpá pọ̀ jù lójú oòrùn. Tẹ́lẹ̀ mi ò mọ̀ pé ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ tẹ Freetown ló rí èyí. Wọn ò kọ́ wa nílé-ìwé.

Àmọ́, rírí nǹkan méjì tó ń bára wọn rìn kò sọ fún wa ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù September 1859, Richard Carrington rí ìmọ́lẹ̀ kan tó bù yẹ̀rì lórí àpá oòrùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tí ì mọ́ tán tí gbogbo abẹ́rẹ́ ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó, tí àwọn òṣìṣẹ́ tẹligíráàmù sì ń rí iná lára wáyà wọn. Síbẹ̀ ní 1892, Lord Kelvin, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé oòrùn jìnnà jù. Ìṣirò rẹ̀ dára, ohun tí kò mọ̀ ló bà á jẹ́. Kò mọ̀ pé òòfà ń bẹ lójú oòrùn fúnra rẹ̀, àti pé oòrùn ń tú nǹkan jáde tó ń gbé òòfà yẹn rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Báwo ni kò bá sì ṣe mọ̀? Ta ló fẹ́ gbé kọ́ḿpáàsì lọ sí oòrùn?

Ní ọdún tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Kelvin, ní ọjọ́ 16 oṣù April 1893, òṣùpá bo oòrùn pátápátá ní Sẹ̀nẹ̀gà. Àwọn onímọ̀ láti Faransé àti láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù wọn wá sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Foundiougne, létí odò Saloum. Lára àwọn Faransé ni Henri Deslandres wà. Lára àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Thorpe àti Alfred Fowler wà. Deslandres yìí àti ará Amẹ́ríkà kan, George Ellery Hale, ló dá ọgbọ́n kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìgbẹ́kẹ̀lé ara wọn: ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò oòrùn pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ kan ṣoṣo. Láti ara ẹ̀rọ yẹn ni Hale ti rí ohun tó gbà á lọ́kàn. Ó rí i pé gáàsì tó wà yí àpá oòrùn ká ń yí po bí ìjì.

Kí n tó sọ ohun tí Hale ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n yìí fìdí lé.

Ẹ so okùn mọ́ igi, kí ẹ di etí kejì mú. Ẹ lè máa jù ú sókè-sódò, ẹ lè máa jù ú sọ́tùn-ún-sósì. Bí ẹ bá wá gba okùn yẹn kọjá láàárín ọgbà ọparun tí wọ́n tò lóòró, èyí tó ń lọ sókè-sódò á kọjá, èyí tó ń lọ sọ́tùn-ún-sósì á kọ́ ọparun, kò ní kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó dé bá wa lásán ń gbọ̀n sí gbogbo apá pọ̀. Èyí tó bá wá ń gbọ̀n sí apá kan ṣoṣo, òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìmọ́lẹ̀ polarized. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ wá awò ojú oòrùn kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí lára, èyí tí wọ́n ń tà nínú gósúlóò ní Berger. Ẹ gbé e síwájú ojú kálíkúlétọ̀, kí ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá yá, gbogbo nọ́ńbà á ṣókùnkùn, ẹ ò ní rí nǹkan kan mọ́. Bí ayédèrú ni wọ́n tà fún yín, ẹ ò ní rí àyípadà kankan, owó yín ti lọ nìyẹn.

Irú kejì tún wà. Ẹ rántí bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń yí okùn kí ẹnì kan máa fò ó. Okùn yẹn ń yípo ni. A lè yí i sápá ọ̀tún, a sì lè yí i sápá òsì. Ìmọ́lẹ̀ náà ní irú ìyípo bẹ́ẹ̀, ọlọ́tùn-ún àti olósì.

Ní 1896 ará Họ́láńdì kan, Pieter Zeeman, gbé iná tó ní iyọ̀ sodium nínú sáàárín òòfà alágbára. Bí a bá fi gíláàsì tú ìmọ́lẹ̀ irú iná yẹn sí àwọ̀ òṣùmàrè, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń fi hàn, níbi kan náà nígbà gbogbo. Zeeman rí i pé nígbà tí òòfà ṣiṣẹ́, àwọn ìlà náà fẹ̀ sí i. Ọ̀gá rẹ̀ Lorentz ní, wò ó dáadáa, etí ìlà kan máa yípo sọ́tùn-ún, etí kejì sósì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ẹ̀bùn Nobel ti 1902 ni àwọn méjèèjì jọ gbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibi yòówù kí ìmọ́lẹ̀ ti jáde, bí òòfà bá wà níbẹ̀, àmì òòfà yẹn wà lára ìmọ́lẹ̀. Kò pọn dandan kéèyàn gbé kọ́ḿpáàsì lọ.

Hale ti mọ̀ pé nínú òṣùmàrè oòrùn, bí a bá dojú kọ àpá dúdú, àwọn ìlà kan máa ń di méjì-méjì. Àwọn tó ti rí i ṣáájú rò pé nǹkan míì ló fà á. Lórí òkè Mount Wilson ní California, ó kọ́ ilé ìṣọ́ tó ga tó 60 ẹsẹ̀, ó ń darí ìmọ́lẹ̀ oòrùn sísàlẹ̀ lọ bá ẹ̀rọ tó ń tú u sí àwọ̀. Ní 1908 ó fi nǹkan méjì sí ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà: èkíní ni gíláàsì kan tí wọ́n gé lọ́nà àrà, tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ ayípo di èyí tó ń gbọ̀n sápá kan, èkejì ni òkúta dídán tí wọ́n ń pè ní Nicol, tó ń ṣe iṣẹ́ ọgbà ọparun wa. Ó yí òkúta náà. Nínú ìlà méjì, ọ̀kan parẹ́. Ó yí i padà, ìyẹn jáde, ìkejì parẹ́. Ọlọ́tùn-ún àti olósì nìyẹn. Òòfà ń bẹ lára oòrùn, ó sì lágbára dé ìwọ̀n 2,900 gauss nínú àpá. Kí ẹ lè mọ bó ṣe tó, òòfà ilẹ̀ tó ń darí kọ́ḿpáàsì ní Òkè-Àró níhìn-ín ò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta gauss kan lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ aráyé wọn òòfà lójú ibi tí kì í ṣe ayé yìí. Gíláàsì kan àti òkúta kan ni. Èmi ò mọ ohun tó wu yín nínú ìtàn yìí, ibí ló wù mí jù.

Hale ò dúró síbẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí i pé àpá oòrùn máa ń jáde ní méjì-méjì bí ìbejì, Táíwò níwájú, Kẹ́hìndé lẹ́yìn, òòfà Táíwò sì máa ń yàtọ̀ sí ti Kẹ́hìndé. Ní ìlàjì òkè oòrùn, gbogbo Táíwò ló ní irú òòfà kan náà. Ní ìlàjì ìsàlẹ̀, òdìkejì ni. Nígbà tí ọdún mọ́kànlá tàbí bẹ́ẹ̀ bá pé, tí àpá tuntun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, gbogbo rẹ̀ á yí padà. Nǹkan bí ọdún 22 ni yóò gbà kó tó padà sí bó ṣe wà. Wọ́n tẹ èyí jáde ní 1919.

Ohun tí Hale ò rí mú dáadáa ni òòfà tó fọ́n káàkiri ojú oòrùn níta àpá, nítorí kò lágbára, gauss kan tàbí díẹ̀ sí i. Bàbá àti ọmọ kan ló yanjú ìyẹn, Harold Babcock àti Horace ọmọ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, dípò kí wọ́n máa fọwọ́ yí òkúta, wọ́n lo kírísítálì kan tí iná mànàmáná ń pàṣẹ fún. Lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń yan ọlọ́tùn-ún, ó ń yan olósì, ẹ̀rọ á sì máa ka ìyàtọ̀ wọn. Wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà ní magnetograph. Òun ni bàbá gbogbo èyí tó wà lónìí.

Ní àsìkò yẹn gan-an ni ìtàn yìí wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, àwọn onífísíìsì ti gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ tí ń fi ìró rédíò ránṣẹ́ sójú ọ̀run, tó sì ń gbọ́ bó ṣe ń padà bọ̀. Wọ́n tún ní ohun èlò tó ń ṣọ́ òòfà ilẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kí ló dé tó fi jẹ́ Ìbàdàn? Nítorí pé ìlà kan wà tó yí ayé ká, níbi tí abẹ́rẹ́ òòfà tó bá ń mì fàlàlà ti máa ń dúró gbalaja láì tẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìlà yẹn gba Nàìjíríà kọjá, lókè Ìbàdàn lọ́hùn-ún. Ní òkè ojú ọ̀run ìlà náà, ní ohun tó lé ní 100 kìlómítà, iná mànàmáná ń ṣàn lọ́sàn-án bí odò tóóró láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Oòrùn ló ń dá a sílẹ̀ láàárọ̀, bí ilẹ̀ bá ṣú á wọlé. Ìgbọ̀njìn tí Graham rí ní Lọ́ńdọ̀nù, níbí yìí ló ti lágbára jù.

Ní ọjọ́ 1 oṣù July 1957 títí di ìparí 1958, àwọn onímọ̀ gbogbo ayé fẹnu kò láti jọ wọn ayé àti oòrùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ìgbà yẹn nítorí pé àpá oòrùn máa pọ̀ nígbà náà, àpá ọ̀hún sì pọ̀ ju ti ìgbàkígbà tí wọ́n ti ń kà á lọ. Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tó kópa. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Inyi nílẹ̀ Ìgbò kan, Agodi Onwumechili, wà níbẹ̀. Ó wọn òòfà ní àwọn ibi mélòó kan ní Nàìjíríà láti mọ bí odò mànàmáná yẹn ṣe fẹ̀ tó àti ibi tó gbà kọjá. Ní 1959 iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ àgbáyé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó lọ sí Ifẹ̀ mọ orúkọ yẹn, òun ló di Gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1979. Ní 1997 ó tún tẹ odidi ìwé ńlá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹ wá gbọ́ o. Ní oṣù wọ̀nyẹn tí wọ́n ń ṣọ́ abẹ́rẹ́ ní Ìbàdàn, Babcock àti bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ oòrùn ní California, wọ́n sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí: òòfà orí oòrùn yí padà. Ti ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ yí ní 1957, ti òkè wá tẹ̀lé e ní 1958. Fún odidi ọdún kan àti díẹ̀, orí méjèèjì oòrùn ní òòfà kan náà. Abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n ní Ìbàdàn àti ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ ní California, oòrùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Ọ̀kan ń wo ojú rẹ̀, ìkejì ń wo ohun tí ó ń ṣe sí wa.

Nígbà tó yá, àkọsílẹ̀ òòfà ti Ìbàdàn dáwọ́ dúró, ó sì pẹ́ kí irú rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ nítòsí wa. Ọdún 2006 ni Yunifásítì Kyushu ní Japan gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní MAGDAS wá sí Ìlọrin; wọ́n tún gbé irú rẹ̀ sí Àbújá àti Ẹ̀kó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Rabiu wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù iṣẹ́ náà. Ohun tó dùn mí ni àlàfo tó wà láàárín. Oòrùn ò dúró de ẹnikẹ́ni, ọdún tí a kò bá kọ sílẹ̀, a ò lè lọ wọ̀n ọ́n mọ́.

Ọdún 2006 yẹn kan náà, ẹ̀yin tó ti wà ní Òkè-Àró nígbà náà, ẹ ò lè gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù March. Òṣùpá bo oòrùn láàárọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá. Ibi tó ti bò ó pátápátá gba Gánà, Togo àti Bìnì kọjá wọ apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín kù díẹ̀ kó bò tán, nítorí Ẹ̀kó wà ní nǹkan bí 120 kìlómítà sí etí ibi òkùnkùn náà. Mo rántí pé ìmọ́lẹ̀ wá rí bákan, kò dà bí ti ìrọ̀lẹ́, kò dà bí ti òjò. Adìẹ tí à ń sìn ń wá ibi tí wọ́n máa wọ̀ sí. Inú ọpọ́n omi ni ìyá àgbà ilé wa ti ń wò ó, àwọn ọmọ ń wò ó nínú fíìmù X-ray. Méjèèjì ò dára o, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń ba ojú jẹ́, kì í sì í dun ni nígbà tó bá ń bà á jẹ́. Àwọn awò tí wọ́n dìídì ṣe fún un ni kí ẹ lò.

Ìyá àgbà yẹn ni kò bẹ̀rù rárá. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, ọjọ́ tí ọ̀sán dòru. Nígbà tí mo wá a wò nínú ìwé, ọjọ́ 20 oṣù May 1947 ló bá a mu, ìgbà tí òjìji òṣùpá gba gúúsù Nàìjíríà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, nítorí pé ìyá ní ó ti tó ọmọ tó ń rá nígbà yẹn. Àfidáfíìtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi ọdún mẹ́rin dín in kù. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òṣùpá bá bo oòrùn tán, ohun funfun tó máa ń yọ yí i ká bí irun, ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ náà jẹ́ irú èyí tó ń gbọ̀n sápá kan. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti ń gbé awò lọ pàdé òjìji kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Lónìí wọn ò dúró de òṣùpá mọ́. Ní erékùṣù Canary, ní etíkun Áfíríkà níbi tí ó kọjú sí Moroko, awò awọ̀nàjíjìn ti Faransé kan ń bẹ ní Tenerife tó ń jẹ́ THEMIS. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ló ti ń ṣiṣẹ́, òòfà oòrùn gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Ìṣòro tó wà nínú iṣẹ́ yìí ni pé dígí tó bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ máa ń yí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹlẹ́rìí tó ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ohun tó rí. Àwọn tó ṣe THEMIS tò ó kó má bàa fi tirẹ̀ kún un. Ní September 2006 Japan fi sátẹ́láìtì Hinode ránṣẹ́. Ní 2010 Amẹ́ríkà fi SDO ránṣẹ́, tó ń ya àwòrán òòfà gbogbo ojú oòrùn láìdáwọ́ dúró, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó lórí fóònù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Hawaii, awò tó tóbi jù lọ fún oòrùn, tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 4, fi àwòrán àkọ́kọ́ rẹ̀ hàn ní January 2020.

Ẹ máa bi mí pé kí ló kàn wá. Ní ọjọ́ 10 àti 11 oṣù May 2024, ìjì òòfà ńlá kan dé láti ọ̀dọ̀ oòrùn, èyí tó lágbára jù láàárín nǹkan bí ogún ọdún. Àwọn àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó ń fi GPS darí katakata dá iṣẹ́ dúró nígbà tí wọ́n ń gbìn lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé oòrùn ló ń mú iná Òkè-Àró lọ o, àwọn tó ń mú un lọ ni a mọ̀. Àmọ́ GPS kàn wá, nítorí òun ni àwọn awọnlẹ̀ ìsinsìnyí ń lò. Nítorí ibi tí a wà yìí nítòsí ìlà òòfà, àwọn wákàtí tó tẹ̀lé ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni ìró sátẹ́láìtì máa ń gbọ̀n jù, pàápàá ní àwọn ọdún tí àpá oòrùn bá pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi GPS wọnlẹ̀ fún yín lálẹ́, ẹ ní kó padà wá láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹbí méjì yẹn. Wọ́n ti gbà kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wá wò ó. Ohun tó bi wá lákọ̀ọ́kọ́ ni ọdún tí wọ́n ya àwòrán yẹn, nítorí bó bá mọ ọdún, ó lè mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ń kọjú sí nígbà náà, á sì yọ ìyàtọ̀ kúrò. Ikán ló jẹ ibi tí wọ́n kọ ọdún sí. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní irú ìwé ilẹ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yẹn, tí ọdún ṣì hàn lára rẹ̀, kó jọ̀ọ́ mú un wá sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Kó mú ojúlówó wá, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì. A ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a máa kàn fi fóònù yà á ni.